Kí wolé-wolé wá wo ihò kí a tó bò ó

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ojú ọ̀pọ̀ àwa onílé ní Ìbàdàn ń rí, ṣùgbọ́n tí a kì í fẹ́ sọ ní gbangba nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ni ti sókàwéè tó ti gbó, tó ti kún tàbí tó ti jìn, tí onílé sì fẹ́ gbẹ́ òmíràn rọ́pò rẹ̀, àti ti ọwọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń mú irú onílé bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ilẹ̀ gbígbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀. N kò sọ pé kí òfin má wà. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin tí a ní lọ́wọ́ báyìí, ìwé ló ń wò, kò wo ihò, inú ihò sì ni àrùn ti ń jáde.

Ọdún 1983 ni mo kọ́ ilé mi, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí odò Ọ̀nà. Nígbà náà, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ mẹ́rin ni a wà níbẹ̀, bíríkìlà tó bá wa ṣe sókàwéè kò sì ro ti ẹni keje mọ́ ọn. Àwọn ọmọ ti dàgbà, kálukú ti bá tirẹ̀ lọ, mo sì ti gba ayálégbé sí òkè àti sí ilé ẹ̀yìn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwa tí à ń gbé inú ọgbà náà lónìí fi jẹ́ 23. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, dẹ́kìn orí sókàwéè náà sán, apá kan rẹ̀ sì jìn wọlẹ̀. Àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo ṣì máa ń rántí ìyẹn lóru.

Mo wá bíríkìlà, mo wá agbẹ́kànga, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, òṣìṣẹ́ káńsù mẹ́ta dé. Wọn kò kọjá ẹnu géètì. Wọ́n béèrè pláànù tí ìjọba fọwọ́ sí, mo sì gbé ti ọdún 1983 jáde, tí òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀ kedere. Wọ́n ní ti ilé nìyẹn, pé sókàwéè tuntun nílò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára fẹ́ǹsì mi, wọ́n ní kí iṣẹ́ dúró. Odindi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ihò náà fi wà ní ṣíṣí sílẹ̀ nínú òjò, tí mo ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, tí mo ń san owó fọ́ọ̀mù, tí mo tún ń wá ayàwòrán tí yóò ya gbogbo ilé náà lọ́tun bí ẹni pé a kò tíì kọ́ ọ. Àwọn ayálégbé mi kan kó lọ bá ẹbí wọn. Ibi tí àwọn yòókù ń lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ. Ewúrẹ́ aládùúgbò kan jìn sínú ihò náà, ó kú, mo sì san owó rẹ̀. Nígbà tí òǹtẹ̀ tuntun dé, rísíìtì mẹ́rin ni mo ní lọ́wọ́, ṣùgbọ́n títí di òní yìí kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tó mọ bí ihò náà ti jìn tó tàbí ohun tó wà ní ìtòsí rẹ̀. N kò ní dárúkọ káńsù náà, nítorí kì í ṣe láti dójú ti ẹnikẹ́ni ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Ohun tó bùáyà jù níbẹ̀ ni pé mo jẹ̀bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi kọ́ ni wọ́n bá mi wí lé lórí. Ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbẹ́ sókàwéè tuntun náà sí. Iwájú ilé ni kànga tèmi wà, mo ti fi okùn wọn ọ̀nà tó wà láàárín wọn, ó lé ní 60 ẹsẹ̀ bàtà, ọkàn mi sì balẹ̀. Agbẹ́kànga náà, bàbá àgbàlagbà kan tí kò ka ìwé rárá, ló gun orí búlọ́ọ̀kù, tó yọjú wo òdìkejì fẹ́ǹsì, tó sì bi mí pé, “Baba, kànga ta nìyí?” Kànga aládùúgbò mi ni, kò sì ju 18 ẹsẹ̀ bàtà lọ sí ibi tí a fẹ́ gbẹ́. Mo mọ̀ pé kànga wà níbẹ̀. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń gbọ́ ìró garawa wọn ní ìdájí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń wọnlẹ̀, kànga tèmi nìkan ló wà lọ́kàn mi. Bàbá yẹn ló jẹ́ ká ṣí ibi iṣẹ́ nípò padà kí káńsù tó dé rárá. Òun ló ṣe iṣẹ́ wolé-wolé lọ́jọ́ náà, kò sì gba kọ́bọ̀ kan lé owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń dá ni pé, ó kéré tán, kí 30 mítà wà láàárín kànga àti ibi tí omi ìgbọ̀nsẹ̀ ti ń wọ ilẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di ẹsẹ̀ bàtà, ó jẹ́ 98. Ẹ jẹ́ ká wá gbé e sórí ilẹ̀ Ìbàdàn wò. Púlọ́ọ̀tì tí ọ̀pọ̀ nínú wa rà jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 100 ní gígùn. Láti igun iwájú lápá ọ̀tún dé igun ẹ̀yìn lápá òsì, tí ó jẹ́ ibi tó jìnnà síra jù lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 112 ẹsẹ̀ bàtà ni. Èyí ni pé àfi tí kànga bá wà ní igun kan pátápátá, tí sókàwéè sì wà ní igun tó kọjú sí i, kò sí bí onílé ṣe lè rí 98 ẹsẹ̀ bàtà nínú ọgbà tirẹ̀ nìkan. Bí ó bá sì rí i, ó ku aládùúgbò ọ̀tún, ti òsì àti ti ẹ̀yìn, tí àwọn náà ní kànga, tí igun tí onílé yìí sá lọ sì lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kànga ọ̀kan nínú wọn gan-an, gẹ́gẹ́ bí ó ti fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí mi. Pláànù tí káńsù ń béèrè lọ́wọ́ wa kì í kọjá fẹ́ǹsì onílé. Bí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ ogún lé e, kò lè fi kànga tó wà ní òdìkejì hàn wọ́n, àfi tí ẹnì kan bá wá síbẹ̀ tó sì yọjú.

Bóyá ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn tí kò tíì rí inú sókàwéè rí. Ohun tí a ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè yìí, ihò méjì ni. Àkọ́kọ́ ni táńkì tí a fi búlọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré mọ, tí a rẹ́ inú rẹ̀ kí ó má baà jò, tí a sì sábà máa ń pín sí yàrá méjì. Inú rẹ̀ ni ohun tó wúwo ti ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀, tí ọ̀rá àti ìfófòó ń léfòó sókè, tí kòkòrò àìlèfojúrí tí kò nílò afẹ́fẹ́ sì ń jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Omi àárín nìkan ló yẹ kó jáde, ìdí sì nìyẹn tí páìpù àbájáde fi ní láti tẹ orí ba wọ inú omi, kí ó má baà kó ìfófòó jáde. Láti ibẹ̀ ni omi náà ti ń bọ́ sínú ihò kejì, tí kò ní ìsàlẹ̀ kọnkéré, kí ilẹ̀ lè máa fà á mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sọ́kàn pé omi tó jáde nínú táńkì kò tíì mọ́ o. Ó lè dà bí omi lásán lójú, àrùn onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun lè wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ tó wà lábẹ́ ihò kejì náà ló ń sẹ́ ẹ kí ó tó dé ibi omi abẹ́ ilẹ̀.

Ìdí nìyí tí ara mi fi máa ń gbọ̀n nígbà tí mo bá gbọ́ àwọn tó ń gbẹ́ sókàwéè tí wọ́n ń fọ́nnu pé, “A ti gbẹ́ ẹ kan omi, kò ní kún láéláé.” Inú onílé a dùn, a fi owó kún owó wọn. Òótọ́ sì ni, kò ní kún, nítorí pé kò sí ohun tó ń dá ìgbọ̀nsẹ̀ dúró mọ́ láàárín ihò náà àti kànga gbogbo àdúgbò. Ìlànà tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ ń lò ní ibùdó àwọn tí ogun tàbí omíyalé lé kúrò nílé ni pé ìsàlẹ̀ ihò ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́dọ̀ fi 1.5 mítà, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ga ju ojú omi abẹ́ ilẹ̀ lọ, ó kéré tán. Ẹni tí kò ní ilé mọ́ ni wọ́n ń wọn èyí fún. Àwa tí a ní ilé, tí a ń san owó-orí lé e lórí lọ́dọọdún, kò sí ẹni tó ń wọn ọ̀kankan fún wa.

Ọ̀rọ̀ àsìkò tún wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń pọnmi ní Ìbàdàn ló mọ̀ pé kànga tí okùn rẹ̀ gùn ní oṣù Kẹta, ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè tó omi rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ ń gbẹ́ sókàwéè, nítorí ilẹ̀ kì í wó nígbà náà, ihò tó sì jìnnà sí omi dáadáa lọ́jọ́ tí a gbẹ́ ẹ lè máa lúwẹ̀ẹ́ nínú omi kí ọdún tó parí. Ìwọ̀n ìgbà òjò ló yẹ kí wolé-wolé máa fi ṣe ìdájọ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń fa omi níbẹ̀, wọ́n á fi hàn án lára ògiri kànga.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìtóbi. Ìṣirò kan wà tí àwọn ẹlẹ́rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ìtóbi táńkì: kí a ka 180 lítà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń gbé inú ilé, kí a sì fi 2,000 lítà lé e. Fún ẹni mẹ́fà, 3,080 lítà ni. Fún ẹni 23, ó di 6,140. Táńkì mi àtijọ́ ti ń gbé ẹrù ilé méjì fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì mọ̀, nítorí mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣírò. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń wá gba owó-orí ilé mọ iye yàrá tó wà nínú ọgbà mi dé orí ilé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi mí ní iye orí tó ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà.

Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù lè dáhùn pé onílé Ìbàdàn kò ṣeé fọkàn tán, n kò sì ní bá wọn jiyàn púpọ̀. Mo mọ àwọn tó ń dúró de òjò ńlá kí wọ́n tó ṣí páìpù sókàwéè wọn sí gọ́tà, tí ìdọ̀tí wọn yóò gba iwájú ilé ẹlòmíràn lọ sí odò. Ìwà ìkà ni, kí wọ́n mú irú wọn, kí wọ́n sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Àwọn àgbà ní ará ilé ẹni tó ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òfin tó le lórí ìwé ń sọ àwọn onílé yòókù dà. Onílé tó gbọ́ ohun tí ojú mi rí kò ní lọ sọ fún káńsù pé sókàwéè òun jìn. Òru ni yóò máa gbẹ́ ẹ, ìdájí ni yóò da kọnkéré lé e, yóò da yanrìn bò ó kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Iṣẹ́ ìkánjú òru yẹn ni kì í wọn ọ̀nà sí kànga, òun náà ni wọ́n sì fi ń sọ ẹni sínú ihò láìṣe àkíyèsí afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú sókàwéè àtijọ́ a máa pa ènìyàn. Ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti pọ̀ jù, imú kì í gbóòórùn rẹ̀ mọ́, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á ṣubú, ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ láti fà á jáde á sì ṣubú lé e lórí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú rẹ̀ láti gbá a mọ́. Ọkọ̀ tó ń fà á wà.

Àwa tí a dàgbà ní ìlú yìí rántí àwọn wolé-wolé ìgbà èwe wa. Wọn kì í béèrè ìwé. Wọ́n á wọ agboolé, wọ́n á ṣí ìkòkò omi, wọ́n á fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, wọ́n á dé ẹ̀yìnkùlé dé ibi ṣálángá. Àwọn ìyá wa bẹ̀rù wọn, wọ́n tún máa ń bú wọn lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n wá wò ni wọ́n ń wò. Orúkọ tí a fún wọn pàápàá sọ iṣẹ́ wọn. Nígbà tí àrùn onígbáméjì wọ Nàìjíríà ní ìparí ọdún 1970, tó sì ràn káàkiri ní ọdún tó tẹ̀ lé e, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a nílò, kì í ṣe rísíìtì. Àwa tí à ń gbé létí odò Ọ̀nà sì tún rí i ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí omíyalé jẹ́ kí omi odò, omi kànga àti ti sókàwéè di ọ̀kan náà nínú ọgbà wa.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní Àfikún Kẹrin rẹ̀, kó ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti pàǹtírí sínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní kò sówó láti rán òṣìṣẹ́ jáde, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Okùn ìwọnlẹ̀ kò sì wọ́n.

Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Amẹ́ríkà, níbi tó jẹ́ pé ó lé ní ilé kan nínú márùn-ún tó ń lo irú táńkì yìí. Ó pààrọ̀ tirẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, òun náà sì ráhùn lórí owó rẹ̀. Ohun tó sọ fún mi ni pé ọ́fíìsì ìlera ìbílẹ̀ ibẹ̀ ló kọ́kọ́ wá dán ilẹ̀ wò bóyá yóò fa omi, wọ́n sọ ibi tí táńkì lè wà, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kó má da ekuru kan lé e títí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò yóò fi dé. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀, onílé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé, bí ó bá ti gba ìyọ̀ǹda. Kò sí ẹni tó ní kó lọ ya ilé rẹ̀ lọ́tun.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn káńsù wa fún kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí sókàwéè àpààrọ̀ má jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú ilé tuntun. Kí onílé lọ sọ ọ́, kó san owó kan ṣoṣo tí a kọ sára ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, kó lo bíríkìlà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kó má da dẹ́kìn títí wolé-wolé yóò fi dé. Kí wolé-wolé náà ní gbèdéke ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ dé, bóyá ọjọ́ mẹ́ta, nítorí ihò tó ṣí sílẹ̀ nínú òjò kò ní sùúrù. Nígbà tó bá dé, kó wọn bí ó ti jìn, kó ka iye ẹni tó wà nílé, kó sì wọ ọgbà àwọn aládùúgbò lọ wọn ọ̀nà sí kànga wọn. Níbi tí 98 ẹsẹ̀ bàtà kò bá ti ṣeé ṣe, bí kò ṣe ní ṣeé ṣe lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa, kó yan ibi tó jìnnà jù, kó sì gbìyànjú kí sókàwéè wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, kí kànga wà lókè. Lẹ́yìn náà, kó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ibi tí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kànga lọ́la yóò ti lè béèrè rẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló jẹ mí lógún jù báyìí, nítorí ọmọ aládùúgbò mi ti ń sọ pé òun fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Mo ya àwòrán ibi tí sókàwéè tuntun mi wà, mo kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí fẹ́ǹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fún ọmọ náà ní ọ̀kan, mo sì mú ọ̀kan lọ sí káńsù. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà níbẹ̀ gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó sì dá a padà fún mi pé àwọn kò ní fáìlì tí àwọn lè fi í sí.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Onílé kan lẹ́bàá odò Ọ̀nà,
Ìbàdàn.